Ọgbà Tí Ewúrẹ́ Kò Ní Jẹ

Mo ti bínú sí ènìyàn púpọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí mo kórìíra tó ọkùnrin tó ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ̀yìn ilé mi ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Mo tètè sọ ọ́ báyìí kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí má baà máa wá ìdáríjì kiri níparí rẹ̀. N kò ní in lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ara ìyá mi. Ọ̀tan-Ilé ni ìyá mi ń gbé, nílé bàbá mi tó ti dolóògbé, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọlù ú lójijì níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ kú pátápátá. Ẹnu rẹ̀ tó wọ́ padà bọ̀ sípò, ọwọ́ náà gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì kọ̀, kò gbọ́ràn. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ nílé ìwòsàn ní Iléṣà, mo gbé e wá sọ́dọ̀ ara mi. Obìnrin tó ń kọ́ ọ ní ìrìn níbẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a tó wọkọ̀.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ o, Mà. Bí Mama bá ń rìn lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ yẹn á jí. Bí wọ́n bá jókòó tì í, á gan, a ò sì ní rí nǹkan kan ṣe sí i mọ́."

Ìyá mi gbọ́. Etí rẹ̀ kò ṣàìsàn ní tirẹ̀. Láti ọjọ́ tí a dé ni ó ti gbé ọ̀pá rẹ̀, tó sì mú ẹ̀yìnkùlé mi ṣe ilé ẹ̀kọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, iyanrìn ni, kò sí òkúta tó lè gbé e ṣubú. Yóò ró ìró rẹ̀ mọ́ àyà, nítorí ó ní bùbá ń há òun lápá, yóò sì máa lọ láti ẹnu kànga dé ìdí igi ìbẹ́pẹ, yóò sì tún padà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á gbé, òsì á wọ́ tẹ̀lé e nínú iyanrìn. Òógùn á bo ojú rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ dì í mú, á fi ọ̀pá nà mí lọ́wọ́.

Ẹnì kan ló ba èyí jẹ́. Ọkùnrin náà ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ ìjọba. Kò ní nǹkan méjì tó ń ṣe ju kí ó gbé àga sí fàráńdà òkè rẹ̀ lọ, kí ó tan rédíò, kí ó sì máa wo ẹ̀yìnkùlé gbogbo wa. Kò sí ọgbà láàárín ilẹ̀ tèmi àti tirẹ̀. Ọkọ mi ló ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀ kí ó tó kú. Okùn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, igi ni wọ́n rì mọ́ ààlà, ikán sì ti jẹ igi ọ̀hún tipẹ́. A kò tíì pe àwọn sọ́fèyọ̀ sí i. Nítorí náà, láti òkè lọ́hùn-ún, gbogbo ẹsẹ̀ tí ìyá mi bá gbé, ojú rẹ̀ ló ń gbé e.

Lọ́jọ́ kan ó yọ orí sísàlẹ̀, ó ní, "Mama! Ṣé ijó lẹ̀ ń jó ni àbí ẹ̀ ń rìn?" Ó sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi há a lọ́fun. Ìbá tilẹ̀ pa á.

Ìyá mi tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀. Ó rìn dé ìdí ìbẹ́pẹ, ó padà. Ọ̀rọ̀ náà ìbá parí síbẹ̀, bí kò bá ṣe ti ìpàdé àwọn lándíládì. Orí fàráńdà ọkùnrin yìí kan náà ni a ti máa ń ṣe ìpàdé, nítorí pé òun ló ní àyè àti àga. Mo pẹ́ dé lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ ti dá mi dúró ní Old Garage ní Òṣogbo, ọ̀kadà tó gbé mi wọ àdúgbò sì bọ́ ṣéènì lójú ọ̀nà. Bí mo ṣe ń gun àkàsọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Nígbà tí mo yọ sókè, ọkùnrin náà wà láàárín àwọn ènìyàn, ó ká ọwọ́ kan mọ́ àyà bí ẹni tó di ìró mú, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ó yọ ahọ́n síta. Àwọn àgbà ènìyàn tó ní ilé, tó bí ọmọ, ń lu itan rẹ́rìn-ín.

Wọ́n rí mi. Ẹ̀rín ẹlòmíràn há a lẹ́nu. Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní, "Há, Màdáámù, ẹ káàbọ̀. Eré ni o."

N kò wo ojú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni mo wò, ẹ̀yìnkùlé mi. Ìyá mi dúró lẹ́bàá kànga, ó gbé ojú sókè, ó ti rí gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà kò jáde mọ́. Ó ní òtútù ń mú òun. Nígbà tí oòrùn mú, ó ní oòrùn pọ̀ jù. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri, ó sì ń fi ọwọ́ rere ra ẹsẹ̀ burúkú. Mo ní kí ó máa rìn nínú pálọ̀. Ó ní pálọ̀ kún fún àga, òtítọ́ sì ni. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo ń wẹ̀ fún un, mo fẹ́ tẹ orúnkún òsì, ó le bí igi. Mo rántí ohun tí obìnrin ilé ìwòsàn sọ. Mo sunkún níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi omi bo ojú mi kí ó má baà mọ̀. Lẹ́yìn ẹkún náà ni ìbínú wá jókòó sí àyà mi, kò sì dìde mọ́.

Mo pinnu pé n óò dí ojú ọkùnrin náà. Búlọ́ọ̀kù ni ìbá dára jù, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ti gbá mi lọ́wọ́ mọ́. Ó ku igi. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, mo ra àwọn òdòdó pupa tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà níwájú ilé ìjọba, èyí tí ewé rẹ̀ máa ń nípọn tí a bá gé orí rẹ̀ déédéé. Mo gbìn wọ́n sí ààlà, mo ń bu omi kànga sí wọn láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n yọ ẹ̀ka tuntun. Inú mi dùn.

N kò tíì sọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Ọkùnrin yìí ń sin ewúrẹ́, agbo ńlá kan báyìí, òbúkọ olórí wọn ní irùngbọ̀n bíi ti alákọ̀wé àtijọ́. Kò so wọ́n. Ilé ayé ni oko wọn. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo bá igi òdòdó mi níhòòhò, pòròpórò nìkan ló kù nílẹ̀, òbúkọ náà sì dúró sí àárín wọn, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo wá bá a lálejò.

Mo gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ bá a. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé ni mí, mo mọ bí a ṣe ń gbé ohùn sílẹ̀. Ó yí ohùn rédíò rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀.

Ó ní, "Màdáámù, ewúrẹ́ ni. Kí n wá so ó mọ́ ẹsẹ̀ mi ni?"

Mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Mo gbin igi másíkérédì, àwọn tó máa ń ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi ẹ̀gún yí wọn ká. Wọ́n fa ẹ̀gún kúrò, wọ́n jẹ igi. Mo po ìgbẹ́ wọn fúnra wọn mọ́ omi, mo wọ́n ọn sára ewé, nítorí wọ́n ní ẹran kì í jẹ ohun tó ń rùn bíi tirẹ̀. Òjò rọ̀, ó fọ̀ ọ́ lọ, wọ́n tún jẹ ẹ́. Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá mi wà nínú yàrá, orúnkún rẹ̀ sì ń gan sí i. Ó ti débi pé mo máa ń jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí n óò máa ro bí òbúkọ náà yóò ṣe kú. N kò mọ̀ pé mo ní irú ọgbọ́n ìkà bẹ́ẹ̀ nínú. Mo ti pa á ní oríṣiríṣi ọ̀nà kí àdúrà òwúrọ̀ tó parí.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, mo lọ sí Ọ̀tan-Ilé lọ wo ilé. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ṣì ń dáko níbẹ̀, bàbá mi kékeré ni mo ń pè é. A jọ lọ sóko rẹ̀. Mo rí i pé ẹ̀wà rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ilá rẹ̀ ń so, bẹ́ẹ̀ oko ọ̀hún kan igbó gbọ̀ngbọ̀n. Mo bi í bóyá ẹran igbó kì í yọ ọ́ lẹ́nu.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà kan, ìgalà ló ń bá òun jẹ oko náà. Yóò wọlé ní ìdájí, yóò máa fi ẹnu re orí ẹ̀wà bí ẹni fi abẹ gé e, kò ní ṣẹ́ ku ewé kan. Òun dẹ okùn títí, ìgalà ń fò ó. Ìgbà tí òun wá gbin bọ̀tújẹ̀ yí oko ká ni wọ́n jáwọ́. Gbogbo wa la mọ bọ̀tújẹ̀: oje rẹ̀ la fi ń nu ẹnu ọmọ tó ní efu, òun náà làwọn ọmọdé ń fọn ṣe ìfóòfó. Ẹran kì í fi ẹnu kàn án.

Bàbá mi kékeré ní, "Ìgalà éè jẹ ẹ́. Kí ni ewúrẹ́ á wá fi ṣe?"

Ó gé ẹ̀ka bọ̀tújẹ̀ fún mi, ìdì kan gbáà. Ó ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa ṣí sílẹ̀ tó bá dàgbà, pé kí n gbin pèrègún sáàárín rẹ̀, nítorí pèrègún ga, ó dúró ṣánṣán, ẹ̀ẹ̀rùn kì í pa á. Bí ó ṣe ń gé pèrègún lọ ló ń sọ̀rọ̀: "Ṣùgbọ́n ibi tí o bá rì í sí, kí o mọ̀ ọ́n o."

Mo ní mo gbọ́. Ta ni kò mọ̀ pé pèrègún ni a fi ń pààlà? Ọmọ kékeré Ìjẹ̀ṣà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ọkàn mi kò sí lọ́dọ̀ pèrègún. Mo ti rí nǹkan mìíràn ní igun oko náà, igi kan tí kò léwé púpọ̀, tó nípọn, tó kún fún ẹ̀gún. Orò ni. Oje rẹ̀ funfun, bí ó bá ta sójú ẹran tàbí ènìyàn, ọ̀rọ̀ ojú náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ní kí ó gé ìyẹn náà fún mi. Ó wò mí.

Ó ní, "Ewúrẹ́ náà nìkan ni àbí ẹni tó ni ín?"

Mo ní ewúrẹ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyá mi ohun tí mo kó dé. Mo rò pé yóò bá mi wí, nítorí ìyá ìjọ ni, kì í pa eṣinṣin lọ́jọ́ ìsinmi. Ó tẹ́tí gbọ́ mi tán, ó ní, "Kí o gbin orò yẹn síwájú, kí ó kọ́kọ́ kàn án." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ ìpàdé.

Ohun tí mo sì ṣe nìyẹn, òun náà ni àṣìṣe mi. Mo fẹ́ kí òbúkọ náà pàdé orò kí ó tó dé ibi kankan. Nítorí náà, mo gbin orò sí ẹnu ààlà gan-an, mo wá sún sẹ́yìn sínú ilẹ̀ mi, ìwọ̀n tí ènìyàn lè na ara gbalaja sí, ibẹ̀ ni mo gbin ọgbà gidi sí: pèrègún kan, bọ̀tújẹ̀ kan, pèrègún kan, bọ̀tújẹ̀ kan, títí ó fi dé òpin. Inú mi dùn bí mo ṣe ń rì wọ́n. Mo ń kọrin.

Òjò ọdún náà dára. Bọ̀tújẹ̀ ta, pèrègún mú ilẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ wá, wọ́n gbóòórùn, wọ́n yí imú padà. Ìyá mi ń ti ojú fèrèsé wò ó bí ó ṣe ń ga. Nígbà tí kò sẹ́ni tó tún lè rí ìdí ìbẹ́pẹ láti òkè mọ́, ó pè mí.

Ó ní, "Gbé ọ̀pá mi kò mí."

Ọjọ́ náà kò lè dé kànga. Lọ́jọ́ kejì ó dé e. Orúnkún náà ń dún, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Lápá kejì ọgbà, a ń gbọ́ rédíò ọkùnrin náà, a ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀, kò sì rí wa. N kò lè sọ bí ó ṣe dùn mọ́ mi tó.

Lẹ́yìn náà ni òbúkọ náà wá kan orò. Bóyá ó fi ìwo ya á ni, bóyá ó fẹ́ fi họra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo gbọ́ igbe rẹ̀, mo sì jáde. Ó ń fi orí gbá ilẹ̀. Ojú rẹ̀ kan ti wú, ó ti dí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìdáná mi, mo rẹ́rìn-ín dáadáa.

Ọkùnrin náà fa ẹran wá sí ẹnu ọ̀nà mi níwájú. Ó ní, "Màdáámù! Ẹ wo ojú ẹran mi! Ẹ wo ohun tí ẹ ṣe!"

Mo ní, "Ewúrẹ́ ni, sà. Kí n wá so ó mọ́ ẹsẹ̀ mi ni?"

Bí mo bá kú lọ́jọ́ náà, n kò ní kábàámọ̀ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo yè, ó sì gbé ẹjọ́ mi lọ sí ìpàdé.

Alága wa jẹ́ àgbà Mùsùlùmí kan, ọmọ bíbí Òṣogbo, tó ti ta aṣọ títí tó fi dàgbà. Kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ wo igi náà, ó wò ó, ó mirí. Ó ní, "Màdáámù, a kì í bínú débi ẹ̀yí. Àwọn ọmọdé ń ṣeré níbí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wú u." Mo gbà, nítorí òótọ́ ló sọ. A padà sókè fàráńdà.

Ìgbà náà ni onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì wúkọ́ díẹ̀. Ó ní òun ní ìbéèrè kan péré. Ilẹ̀ ibi tí orò wà yẹn, ti ta ni?

Mo ní, "Tèmi ni. Ti ta ni ì bá tún jẹ́?"

Ó ní, "Ta ló gbin pèrègún?"

Mo la ẹnu láti dáhùn. Mo rí i nígbà náà, bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lórí. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rí i pẹ̀lú mi. Mo ti fi ọwọ́ ara mi gbin pèrègún sínú ilẹ̀ ara mi, mo sì fi èyí tó kù sílẹ̀ síta fún un.

Mo ní, "Èmi ni."

Ó jókòó. Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, èyí ló tún wá burú jù.

Alága họ orí. "Sùbùhánálláà! Màdáámù, kí ló gbé yín débẹ̀? Kí lẹ̀ ń fi pèrègún wá nínú ilẹ̀ yín?" Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àti orò. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ó ń burú sí i. Ẹni tó wọn ilẹ̀ fún ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà káàkiri. Ìpàdé wá fẹnu kò pé títí di ọjọ́ tí ẹbí onílẹ̀ yóò wá tún un wọ̀n, kí ibi tí pèrègún wà máa jẹ́ ààlà.

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí kí onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wú orò, kí ó sì fi pákó àti páànù kọ́ ilé ewúrẹ́ sórí ilẹ̀ mi. Ẹni tó ní òun kò lè so ewúrẹ́ wá kọ́ ilé fún wọn. Òórùn wọn ń wọ ilé ìdáná mi. Òbúkọ olójú kan ń yọ orí láàárín pákó, ó ń wò mí.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan, mo gbé àdá. Mo ní n óò wú gbogbo pèrègún náà pátá, kí n rì wọ́n sí ibi tó yẹ, kí ẹni tó bá fẹ́ pa mí wá pa mí. Mo ti di èkíní mú nígbà tí mo gbọ́ ọ̀pá ìyá mi lẹ́yìn mi.

Ó ní, "Kí lo fẹ́ ṣe?"

Mo ní, "Ilẹ̀ wa ni, Mà. Ọkùnrin yìí ti jí i."

Ó ní, "Bí o bá wú u lónìí, ìgbà wo ló máa tó tún ga? Níbo ni mo ti máa rìn?"

Bí mo bá wú ọgbà, fàráńdà á tún máa wò ó. Yóò padà sétí ibùsùn, orúnkún náà á gan, kò sì ní sí àtúnṣe. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ilẹ̀ ọkọ mi di ilé ewúrẹ́. Mo dúró pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.

Ó ní, "Fi ulẹ̀ sílẹ̀ fún un ná. Ẹsẹ̀ mi ni kí o fún mi." Ó wo òkè lọ sí ibi tí fàráńdà wà lẹ́yìn ewé. Ó wá bi mí pé, "Ìgbà wo lẹ tún ń ṣe ìpàdé?"

Mo sọ fún un. N kò bi í pé nítorí kí ni. Mo ju àdá sílẹ̀, mo wọlé lọ wẹ̀, mo lọ síbi iṣẹ́, mo na àwọn ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ náà ju bó ti yẹ lọ.

Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti fi iyanrìn sílẹ̀. Àtẹ̀gùn ilé ìdáná ló ń gùn. Á gbé ọ̀tún sókè, á fa òsì tẹ̀lé e, á mí, á tún gbé. Tó bá dókè, á yí padà, á sọ̀kalẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò fi rìn ní ilẹ̀ tó tẹ́jú mọ́. Ó ní, "Uṣẹ́ mi ni. Kọjú sí tìrẹ."

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, mo lọ, mo jókòó sí ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò. Láìpẹ́ mo gbọ́ ohun kan lórí àkàsọ̀: kò, ó dákẹ́, ó wọ́, kò, ó dákẹ́, ó wọ́. Mo mọ ohùn ọ̀pá náà. Gbogbo ìjíròrò dúró, a kàn ń gbọ́ bí ó ṣe ń gùn ún bọ̀.

Ìyá mi yọ. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ìró àti bùbá funfun, ó wé gèlè. Bí ó ṣe wé e lọ́wọ́ kan, n kò mọ̀. Ó ń mí gúle-gúle.

Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o."

Gbogbo wọn dìde. Alága fa àga fún un. Ó ní rárá, òun ti jókòó tó nínú yàrá. Ó wá kọjú sí onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọkùnrin náà kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n “ẹ” ni ìyá mi fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ sín mi jẹ lọ́jọ́ kan, èmi wà nísàlẹ̀, mo rí i. Ẹ ṣì í ṣe. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ fà. Òsì ni tèmi."

Ọkùnrin náà ní, "Há, Mama, eré lásán ni…"

"Eré náà ni mo wá kọ́ yín. Ẹ wò ó." Ó gbé ìró rẹ̀ sókè díẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹsẹ̀ náà, ó sì rìn. Ó rìn láti orí àkàsọ̀ dé igun fàráńdà, láàárín àga wọn, níwájú gbogbo àwọn tó ti lu itan rẹ́rìn-ín. Ọ̀tún á gbé, òsì á wọ́ lórí táìsì. Ó yí padà, ó rìn bọ̀, ó dúró síwájú rẹ̀. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

Ó ní, "Ó yá. Ẹ tún un ṣe."

Ọkùnrin náà wo alága. Alága ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo àwọn yòókù, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Mo yọ ara sókè lórí àga mi kí ohunkóhun má baà fò mí.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà."

Ìyá mi ní, "Mò ń bínú. N óò sì máa bínú lọ."

Ó kí alága, ó ní ó dàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo fẹ́ dì í mú, ó fi ọ̀pá nà mí lọ́wọ́.

Nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sí ẹnu kànga, ó mu omi. Ó wo ọgbà náà láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Mú àdá rẹ wá. Gé e kúrú dé ìbàdí mi."

Mo ní, "Mà, á máa rí yín o."

Ó ní, "Kí ó máa rí mi."

Mo gé gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ọjọ́ kejì ni ìyá mi ti ń rìn láti kànga dé ìdí ìbẹ́pẹ, ìró mọ́ àyà, ní gbangba. Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti yí àga rẹ̀ kọjú sí títì. Kì í wo ẹ̀yìn mọ́.

Ilé ewúrẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀ mi. Ẹbí onílẹ̀ ní àwọn ń bọ̀ wá wọ̀n ọ́n, mo sì ń pè wọ́n lórí fóònù títí ó fi sú wọn. Àwọn orí pèrègún tí mo gé, n kò jù wọ́n nù. Mo rì wọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n sì ti ta gbòǹgbò funfun. Mo mọ ibi tí n óò gbìn wọ́n sí.

Bí ìyá mi bá rìn dé ẹ̀gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, á dúró, á fi ọ̀pá kàn án. Á ní, "Ṣé o ti bu omi sí i lónìí?"